Òǹtẹ̀ Pupa Màmá Isurugi

Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo, pupa bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú, ló fẹ́ pa ṣọ́ọ̀bù Chigusa kí ó tó ṣílẹ̀kùn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Mo ti wọ aṣọ iṣẹ́, mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, ni mo bá rí pátákó alárìnká tí wọ́n fi ti ara ilẹ̀kùn mi. Pátákó yìí ló máa ń gbé ìwé ìkéde láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, títí tí yóò fi yí Ilé Keje po. Ó padà sọ́dọ̀ mi torí pé èmi, Fumika, ni olórí ilé lọ́dún yìí. Ẹ má rò pé wọ́n dìbò yàn mí o. Ṣe ni oyè náà ń yí ká bíi ti ẹni tó kàn láti gbálẹ̀ àtẹ̀gùn, lọ́dún yìí ó sì kan ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń ka ẹyin sínú àpò oníbàárà.

Ìwé inú pátákó náà béèrè ohun kan: ṣé kí wọ́n fún Chigusa ní yàrá ìsàlẹ̀ Ilé Keje, tó ti ṣófo láti ọdún mẹ́sàn-án tí ẹni tó ń ṣe tofu, wàrà ẹ̀wà sóyà, ti kó kúrò níbẹ̀, kí ó máa ta kòrókkè, ànàmọ́ gígún tí wọ́n fi búrẹ́dì lílọ̀ bò kí wọ́n tó dín in? Gbogbo ìdílé mẹ́wàá yòókù gbọ́dọ̀ gbà. Bí ẹyọ ẹnì kan bá kọ̀, ó parí nìyẹn, wọ́n á sọ yàrá náà di ibi ìkẹ́rùsí. Ìwé náà sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ẹ̀sitéètì kí aago márùn-ún ọjọ́ yẹn gan-an tó lù.

Àárín ìwé náà ni àpótí olórí ilé wà, òǹtẹ̀ orúkọ ìdílé mi, irú èyí tí kálukú wa fi ń buwọ́ lùwé, sì ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìdílé márùn-ún wà lápá òsì mi, márùn-ún lápá ọ̀tún. Olúkúlùkù ní àpótí méjì: ti òkè, "Mo gbà", ti ìsàlẹ̀, "N kò gbà". Mẹ́sàn-án gbà. Ìkẹwàá, lápá òsì, tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sísàlẹ̀.

Isurugi.

Chigusa, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà ọmọdé! Ọdún mẹ́rin ló fi dín kòrókkè nínú ilé ìdáná ẹ̀yìn súpámákẹ́ẹ̀tì wa, tí wọ́n ń lẹ orúkọ ẹlòmíràn mọ́ ọn. Bó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyàwó ilé á ti tò, kẹ̀kẹ́ wọn á gbára lé ara wọn níta, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn á sì máa béèrè lọ́wọ́ mi: "Ṣé tọmọ yẹn ti jáde?" Kò sí yàrá mìíràn ní gbogbo ẹ̀sitéètì Hinokidai wa tí agbára rẹ̀ ká. Bí ó bá pàdánù eléyìí, orúkọ ẹlòmíràn ni yóò máa dín lọ títí irun rẹ̀ á fi funfun.

Mo sáré gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ Màmá Isurugi, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ó ń fomi rin òdòdó rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò gbà?"

"Gba kí ni?"

"Ṣọ́ọ̀bù Chigusa. Òǹtẹ̀ yín rèé lábẹ́ 'N kò gbà'."

Ó gba ìwé náà, ó sún un jìnnà sí ojú, ó tún sún un mọ́ra. "Èmi? Èmi tí mo ti sọ fún eyín mi mẹ́rin tó kù pé kí wọ́n fara dà á títí di ọjọ́ ìṣílé?"

"Bóyá ẹ ṣì í tẹ̀, Màmá."

"Fumika." Ó gbé ife omi sílẹ̀. "O fẹ́ sọ pé mo ti ń ṣarán. Sọ ọ́ tààrà, kí n lè gbá ọ létí."

"Rárá o, Màmá!"

"Pátákó yẹn kò kan ọwọ́ mi. Lọ́jọ́rú tó yẹ kó kàn mí, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ dókítà eékún ni mo wà. Mo ṣì ń retí pé yóò dé ọ̀dọ̀ mi ni."

Kì í fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án. Òǹtẹ̀ rẹ̀ wà nínú agolo bisikíìtì lórí àpótí bàtà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an, níbi tí gbogbo wa ń kó tiwa sí nítorí àwọn tó ń gbé ẹrù wá. Ta ni kò mọ̀?

*

Ọ̀gá Orikasa ló ń ṣe àkóso àgọ́ ọlọ́pàá iwájú ibùdókọ̀ ojú irin. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta, àlùbọ́sà eléwé kì í sì í wọ́n nínú agbọ̀n kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ọ̀gá àgbà ti ní kí ó wá ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láàárín ìgboro, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀. Ó ní iye tí wọ́n ń ta àlùbọ́sà níbẹ̀, ìwà ọ̀daràn ni.

Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó gbé ìwé ọdún tó kọjá tí mo mú wá tì í.

"Òǹtẹ̀ Màmá gan-an ni," ni ó wí. "Wo etí rẹ̀ tó kán níbí. Ó kán bẹ́ẹ̀ lésìí náà. Ká ní orúkọ ìdílé tìrẹ ni, mà á ní ẹnikẹ́ni lè ra irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́gọ́rùn-ún yẹ́ẹ̀nì. Ṣùgbọ́n Isurugi? Wọn kì í tà á lórí àtẹ. Ẹni tó ṣe èyí wọlé, ó ṣí agolo, ó tẹ òǹtẹ̀ olóǹtẹ̀. Ẹjọ́ ọlọ́pàá ni."

"Ẹ ṣáà sọ fún ọ́fíìsì pé ayédèrú ni, Ọ̀gá."

"Wọ́n á ní ìyá arúgbó ló gbàgbé, tí àwọn ọ̀rẹ́ Chigusa ń tì í lẹ́yìn. Àfi tí mo bá mọ ẹni náà. Ta ni wọ́n rí lẹ́nu ọ̀nà Màmá lọ́jọ́rú?"

Mo ti béèrè kí n tó wá. "Èèyàn méjì. Bàbá Ubukata tó múlé tì í, òun ló gbé pátákó dé ibẹ̀. Àti Haruma. Ó gbé ọsàn wá fún Màmá."

"Haruma ti Chigusa?"

"Haruma ti Chigusa."

Ọ̀gá Orikasa wò mí. "Nǹkan mìíràn wà lẹ́nu rẹ. Pọ̀ ọ́."

Mo pọ̀ ọ́, pẹ̀lú omijé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tí a ń so kẹ̀kẹ́ mọ́, mo gbọ́ ìjà Chigusa àti Haruma, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń gbé Ilé Keje pẹ̀lú wa. Ilé iṣẹ́ akẹ́rù fẹ́ gbé Haruma lọ sí Ọ̀sákà, wọ́n á sọ ọ́ di ọ̀gá. Ó fẹ́ kí Chigusa bá òun lọ. Chigusa ní ṣọ́ọ̀bù òun ńkọ́. Haruma sì fi ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí pariwo pé, "Ṣé ṣọ́ọ̀bù yẹn lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí èmi?"

*

Bàbá Ubukata fi tíì gbóná gbà wá. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ báǹkì kí ó tó fẹ̀yìn tì. Títí dòní, kì í jáde ju àtẹ̀gùn lọ láìde táì.

"Olórí ilé, ẹ káàbọ̀," ó kí mi, bó ṣe máa ń kí mi látìgbà tí oyè ti kàn mí. Mo ti sọ fún un títí pé kí ó máa pè mí ní Fumika.

"Bàbá, ẹ gbé pátákó dé ọ̀dọ̀ Màmá lọ́jọ́rú," Ọ̀gá Orikasa bẹ̀rẹ̀.

"Láàárọ̀. Kò sí nílé, mo so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ mo rí i pé òǹtẹ̀ ti wà níbẹ̀, mo bá gbé e fún ìdílé tó kàn."

"Ẹ rí i pé 'N kò gbà' ni?"

"Ìwé ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí mò ń kà."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ gbà?"

"Mo gbà. Ọ̀dọ́ ni, ẹ jẹ́ kí ó gbìyànjú." Ó rọra gbé ife kalẹ̀. "N kì í fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ti sọ fún mi pé òǹtẹ̀ náà wọ́. Ọmọ tó ń kẹ́rù yẹn, ọwọ́ òsì ló ń lò. Òǹtẹ̀ tirẹ̀ náà máa ń wọ́. Mo kàn sọ ọ́ ni."

Mo wo ìwé náà nígbà tí a jáde. Lóòótọ́ ni. Láàárín òǹtẹ̀ mẹ́wàá, mẹ́ta ni kò dúró ṣánṣán: ti Màmá Isurugi, ti Haruma, àti ti Bàbá Ubukata fúnra rẹ̀.

"Ọjọ́ ogbó ni ti Bàbá," ni mo wí.

"Bóyá," ni Ọ̀gá Orikasa dáhùn.

*

A bá Haruma níbi tó ti ń já ẹrù lẹ́yìn Ilé Kẹta. Arẹwà ọkùnrin, èjìká bí ilẹ̀kùn, ìrísí ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí!"

"Ọkọ̀ rẹ ni mo mọ̀. Lọ́jọ́rú, ṣé o fọwọ́ kan agolo Màmá?"

"Mo fọwọ́ kàn án. Màmá ló ní kí n máa tẹ ìwé ẹrù fún òun, torí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo tẹ̀ ẹ́, mo dá òǹtẹ̀ padà, mo gbé ọsàn sínú, mo ti ilẹ̀kùn."

"Pátákó ńkọ́?"

"Ó so mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn."

"O rí i, òǹtẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ nìkan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n—"

"O ò fẹ́ kí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Kí ó tó dáhùn, kẹ̀kẹ́ kan dún kríì lẹ́yìn wa. Chigusa ni, pẹ̀lú aṣọ ìdáná lára, ìyẹ̀fun lórí ìpéǹpéjú. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Ní Hinokidai, ọ̀rọ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ yá ju èèyàn lọ.

"Haruma, ṣé ìwọ ni?"

"O tún ń béèrè?"

"Mò ń béèrè."

"Ìbéèrè yẹn dùn mí ju ẹ̀sùn lọ." Ó bojú wo ilẹ̀. "Mo pariwo lé ọ lórí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo jẹ̀bi ìyẹn. Ìyẹn nìkan."

Chigusa wo ìwé ọwọ́ Ọ̀gá, ó wo òǹtẹ̀ Màmá àti ti Haruma tó wọ́, ó wo ọwọ́ òsì ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé Haruma kúrò ní ọrùn, níbi tó ti fi ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ àyà, ó gbé e sórí páálí ẹrù kan, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sunkún. Ọmọ yẹn kì í sunkún níta. Haruma dúró, ó ń wo kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fún ní lẹ́tà tí kò mọ̀ ọ́n kà.

"Ọ̀gá," ni mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ó ti tán nìyẹn, àbí?"

"Aago mọ́kànlá ku díẹ̀," Ọ̀gá Orikasa dáhùn. "Mo fẹ́ lọ ra ẹyin. Orí mi kì í pé bí agbọ̀n mi bá ṣófo."

*

Ó tò sórí ìlà tèmi ní súpámákẹ́ẹ̀tì, níbi tí mo ti pẹ́ dé lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìyá ìbejì kan tó ń jà nítorí pé páálí ẹyin kan ṣoṣo ni ẹnì kan lè rà ní iye ọjọ́ ẹ̀dínwó.

"Ọmọ mi méjì rèé! Èèyàn ni wọ́n, àbí ewúrẹ́?"

"Èèyàn ni wọ́n, Màmá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí kálukú wọn gbé páálí tirẹ̀."

Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ọlọ́dún méjì méjèèjì fi iyì gbá ẹyin mọ́ra bí ẹni gbé adé. Ọ̀gá Orikasa kò rẹ́rìn-ín. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, àlùbọ́sà wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Fumika. Ọ̀nà wo ni òǹtẹ̀ Haruma wọ́ sí?"

"Ó fì sí òsì."

"Ti Bàbá Ubukata?"

"Òsì náà."

"Ti Màmá?"

Mo wò ó dáadáa. "Ọ̀tún."

"Ẹ̀hẹ̀n." Ó gbé ẹyin síwájú mi. "Bàbá Ubukata máa ń rajà lọ́dọ̀ yín?"

"Lójoojúmọ́, nígbà tí a bá ń lẹ pépà ìdajì iye mọ́ oúnjẹ tó ṣẹ́ kù."

"Inú kí ni ó máa ń kó o sí?"

Mo ronú. "Àpò bébà ilé ìtajà ńlá kan nígboro, tó ní okùn aláwọ̀ wúrà. Ó ti gbó, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rẹ̀. Tofu wa ló ń kó sínú rẹ̀, á sì yí ibi tí orúkọ wà síta."

Ọ̀gá Orikasa mí kanlẹ̀, bí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀.

"Ta páálí méjì fún mi, kí n san iye gidi lórí èkejì. Ní aago mẹ́ta, kí gbogbo Ilé Keje wá sí yàrá ìpàdé. Sọ fún wọn pé ọlọ́pàá ń pín ẹyin, kí kálukú mú òǹtẹ̀ rẹ̀ wá."

*

Ta ni yóò gbọ́ ẹyin ọ̀fẹ́ ní Hinokidai tí kò ní wá? Aago mẹ́ta kò tíì lù tí yàrá ìpàdé kún. Màmá Isurugi jókòó síwájú pẹ̀lú igi ìtìlẹ̀ rẹ̀. Chigusa dúró lẹ́bàá fèrèsé, Haruma lẹ́bàá ilẹ̀kùn, gbogbo yàrá sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ọ̀gá Orikasa tẹ́ ìwé mẹ́ta sórí tábìlì. Ó ní kí n tẹ òǹtẹ̀ olórí ilé sórí méjì, kí n má tẹ ìkẹta.

"Lórí ìwé kìíní, apá òsì òǹtẹ̀ Fumika ni kí ẹ tẹ̀. Lórí èkejì, apá ọ̀tún rẹ̀. Lórí ẹ̀kẹta, àárín gbùngbùn. Òfin ẹyin ni."

"Òfin ẹyin wo nìyẹn?" Màmá Ìbejì béèrè. "Ṣé adìẹ tó yé e ló ṣòfin?"

"Òun ni."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń gba ẹyin wọn, wọ́n ń ṣàwàdà. Haruma tẹ̀ ẹ́ láìgbójú sókè. Bàbá Ubukata tẹ tirẹ̀ kẹ́yìn, pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, ó nu òǹtẹ̀ rẹ̀ kí ó tó dá a padà sínú àpamọ́wọ́.

"Ẹ ṣeun," ni Ọ̀gá Orikasa wí. "Fumika, ka ti Haruma fún wọn."

Mo gbé ìwé sókè. "Ìwé kìíní, ó fì sósì. Èkejì, òsì. Ẹ̀kẹta, òsì."

"Ọwọ́ òsì nìyẹn. Ibi tó wù kí ẹ gbé e sí, bákan náà ni yóò ṣe wọ́, torí pé ara ló ń dá a wọ́. Ká ní Haruma ló tẹ òǹtẹ̀ Màmá, òsì ni ì bá fì sí. Ọ̀tún ló fì sí. Haruma kọ́."

Ariwo ta. Chigusa fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ó ku ẹnì kan. Kà á, Fumika."

"Bàbá Ubukata. Ìwé kìíní, lápá òsì mi, ó fì sọ́tùn-ún. Èkejì, lápá ọ̀tún mi, ó fì sósì. Ẹ̀kẹta, níbi tí òǹtẹ̀ mi kò sí, ó dúró gangan bí òpó iná."

"Nínú báǹkì," Ọ̀gá Orikasa wí, "bí ọmọ iṣẹ́ bá fẹ́ tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti ọ̀gá rẹ̀, kì í tẹ̀ ẹ́ ní òòró. Á dà á díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà, kí òǹtẹ̀ lè tẹríba. Ẹni tó bá ṣe é fún ọdún méjìdínlógójì, ọwọ́ rẹ̀ kò ní bi í léèrè mọ́. Bó bá ti rí òǹtẹ̀ olórí, ó ti tẹríba. Lórí ìwé ilé, ti Bàbá wà lápá ọ̀tún Fumika, ó fì sósì. Ti Màmá wà lápá òsì, ó fì sọ́tùn-ún. Àwọn méjèèjì dojú kọ àárín, wọ́n ń kí olórí ilé. Màmá, ṣé ẹ ti ṣiṣẹ́ báǹkì rí?"

"Ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́," Màmá Isurugi dáhùn. "N kò sì lè tẹríba fún Fumika láyé. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọn imú."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín tán. Ojú gbogbo wa wà lára Bàbá Ubukata. Ó dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe. Mo rò pé yóò jiyàn.

"Èmi ni," ni ó wí. "Nígbà tí ọmọ yìí gbé ọsàn lọ tán, mo wọlé. Mo ti fi òǹtẹ̀ tèmi gbà, torí n kò lè kọ̀ lójú gbogbo èèyàn. Mo rò pé wọ́n á ní ìyá arúgbó ló ṣèèṣì."

"Kí la ṣe fún yín, Bàbá?" Chigusa béèrè. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

"Ẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣègbéyàwó. Àwọn àna ń bọ̀ wá kí mi lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún wọn pé ibi tó dákẹ́, tó ní igi, ni mo ń gbé. Mo ro òórùn epo lábẹ́ fèrèsé mi, àti ìlà àwọn obìnrin tó gbé bàtà ilé wọ̀ jáde." Ó gbé ojú sílẹ̀. "Ojú ń tì mí láti gbé níbí. Láti ọdún mọ́kànlá."

Màmá Isurugi fi igi ìtìlẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni èmi fi gbé níbí," ni ó wí. "Ibí ni mo ti sin ọkọ, ibí ni mo ti tọ́ ọmọ mẹ́ta. Wàrà wọn, ibí. Bàtà ilé ìwé wọn, ibí, mo rà á ní ìwọ̀n méjì tóbi jù kí ó lè pẹ́. Nígbà tí owó ìbọ̀sẹ̀ bá sì dín, oníṣẹ́ tofu á fi ọ̀kan lé méjì mi, á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Mi ò tíì rí ọjọ́ tí mo gbé àpò mi jáde tí mo ní láti yí ojú rẹ̀ padà. Ubukata, aṣọ tí ẹ wọ̀ yẹn dára. Inú rẹ̀ ni kò sí èèyàn."

Mo rí i tí àwọn ará ilé mi gbé àyà sókè, ìyá ìbejì, ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, gbogbo wa, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ rẹ̀ níwájú ọba.

"Màmá," Ọ̀gá Orikasa wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ẹ̀yin lẹ ni òǹtẹ̀. Ṣé kí n mú un lọ sí àgọ́?"

"Kọ ọ́ sílẹ̀ pé òǹtẹ̀ yẹn kì í ṣe tèmi. Èyí tó kù di ọwọ́ ẹni tí Ubukata fẹ́ sọ di aláìníṣọ́ọ̀bù."

Gbogbo ojú yí sí Chigusa. Ó wo aago ara ògiri: aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Ẹ ò ní lọ sí àgọ́, Bàbá," ni ó wí. "Ọ́fíìsì lẹ ń bá mi lọ. Ẹnu yín lẹ máa fi sọ ọ́ fún wọn, bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa. Kẹ̀kẹ́ yín dà?"

*

Kẹ̀kẹ́ márùn-ún la gùn. Ọ̀gá Orikasa ló ṣíwájú pẹ̀lú àlùbọ́sà rẹ̀, Màmá Isurugi wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, ó ń fi orúnkún gún mí pé kí n sáré. Ọ̀gá rí wa, ó fojú fo òfin tó ní kí àgbàlagbà méjì má gun kẹ̀kẹ́ kan dá. Bàbá Ubukata ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá, táì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Mo gbọ́ àwọn méjì tó wà níwájú mi. N kò mọ̀ọ́mọ̀ gbọ́ o, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e bọ̀.

"Mo gbà pé ìwọ ni," Chigusa wí. "Láti aago mọ́kànlá di aago mẹ́ta."

"Mo mọ̀. Mo kà á."

"Ṣé o máa dárí jì mí?"

"Tí o bá dárí ariwo ọjọ́ Ìṣẹ́gun jì mí. Mo ti pè wọ́n láàárọ̀, kí o tó dé. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn fún Ọ̀sákà."

Kẹ̀kẹ́ Chigusa yà díẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ nígbà tí mo dá ọ lẹ́jọ́?"

"Torí mo fẹ́ kí o gbà mí gbọ́ láìjẹ́ pé mo san nǹkan kan."

Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde láàárín kẹ̀kẹ́ méjì, kọ́kọ́rọ́ náà wà ní àtẹ́lẹwọ́. Chigusa gbà á. Wọn kò fi ọwọ́ ara wọn sílẹ̀ títí a fi dé iná ojú ọ̀nà. Àyà tèmi ló ń lù bí ẹni pé èmi ni wọ́n dì mú.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá la wọ ọ́fíìsì. Bàbá Ubukata dúró níwájú akọ̀wé, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Ọ̀gá Orikasa fọwọ́ sí i. Akọ̀wé gbé ìwé tuntun wá fún Màmá Isurugi. Màmá gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ tó kán létí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ "Mo gbà" pẹ̀lú gbogbo agbára tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ débi pé tábìlì mì.

"Ó kù kan," akọ̀wé wí. "Àyè orúkọ ṣọ́ọ̀bù ṣófo. Àwọn tó ń kun pátákó iwájú ilé máa wo bí ẹ bá ṣe kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ kí ó hàn. Ẹ fi orúkọ tó dùn létí sí i o. Àwọn mìíràn máa ń fi orúkọ àdúgbò ìgboro sí i, kí èèyàn má baà mọ̀ pé ìkángun ojú irin ni."

"Kòrókkè Hinokidai," Chigusa wí.

"Hinokidai gan-an?"

"Hinokidai gan-an. Àwọn ló ń tò dè mí láti ọdún mẹ́rin."

Ó mú kálàmù. Ayọ̀ kò jẹ́ kí ó lè fa ìlà kan. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Haruma na ọwọ́, ó rántí bí ìkọ̀wé tirẹ̀ ṣe rí, ó fà á padà. Ìgbà náà ni ohùn kan wá láti ẹ̀yìn wa, kẹ́lẹ́.

"Bí ẹ bá gbà mí láyè. Ìkọ̀wé mi ṣeé kà."

Chigusa yíjú padà. Ó wo Bàbá Ubukata fún ìgbà díẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro. Ó gbé kálàmù náà lé e lọ́wọ́.

Bàbá tẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ibi tí à ń gbé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúdú, ó fẹ̀, ó ga.

"Bàbá, ẹ rọra," akọ̀wé wí. "Ẹ ti ń kọjá ìlà àpótí."

"Mo mọ̀," Bàbá Ubukata wí, ó sì ń kọ ọ́ lọ.